Owó Ùsìnkú Yèyé

Ọjọ́ tí a sin Yèyé, ìyá bàbá mi, gbogbo ẹni tó di gbohùngbohùn mú ló pè é ní ọ̀làwọ́. Ọ̀làwọ́, abiyamọ tòótọ́, ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ kì í há. Mo jókòó sábẹ́ kánópì, mo ń wo ẹnu wọn. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ahun ni wọ́n ń pè é nígbà tó wà láàyè, ojú rẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ahun tí wọ́n ń wí yẹn ló tọ́ mi dàgbà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀làwọ́ kan tí n kò mọ̀ rí rọ́pò rẹ̀ fún mi.

Gàrí ni Yèyé ń yan tà ní Orin. Ó ní oko ẹ̀gẹ́ lójú ọ̀nà Ìdó, ó ní agbada ńlá lẹ́yìn ilé, ó sì ní kóńgò kan tí etí rẹ̀ ti wó. Ẹnikẹ́ni tó bá ra gàrí nílẹ̀ wa mọ̀ pé bí wọ́n bá wọn kóńgò tán, ó yẹ kí wọ́n tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ṣèènì, ọjà rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ló máa bàjẹ́. Yèyé kì í ṣèènì. Bó bá ti wọn kóńgò, á fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, á dà á sínú ọ̀rá yín, ó tán.

Tíṣà obìnrin kan máa ń ti Ùsì wá rà á, nítorí gàrí Yèyé gbẹ, kì í sì í ní iyẹ̀pẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó ra kóńgò márùn-ún. Yèyé wọ̀n ọ́n tán, obìnrin náà kò kúrò níbẹ̀.

"Yèyé, èènì mi ńkọ́?"

"Ó wà lúlé."

"Lúlé ta ni?"

"Lúlé ọmọ mi."

Tíṣà pòṣé, ó ní òun kò tún ní fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló padà wá.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé lóòótọ́ ni èènì rẹ̀ wà nílé. Yèyé ní ike aláwọ̀ búlúù kan lábẹ́ tábìlì. Bí oníbàárà bá ti yí ẹ̀yìn padà, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún kóńgò kọ̀ọ̀kan tó tà, á dà á sínú ike náà. Lópin ọ̀sẹ̀, á ta ohun tó wà nínú ike lọ́tọ̀. Owó ibẹ̀ kì í kan ọbẹ̀, kì í kan epo, kì í kan oògùn. Owó àwọn ọmọ ni. Mo bi í nígbà kan bóyá kò rí i pé àwọn èèyàn ń bú u nítorí ẹ̀kúnwọ́ gàrí lásán. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n bú mi. Èènì tí mo bá ṣe fún wọn, àpò ọmọ mi ni mo ti bù ú."

Àwọn ọmọ tí mo ń wí ni Tómi àti Ìbùkún, àbúrò mi méjèèjì. Bàbá wa ni àbíkẹ́yìn Yèyé. Ọ̀kadà ló ń gùn láàárín Orin sí Ìdó, ọkọ̀ tó kó pákó kan ló sì gbá a pa nígbà tí Ìbùkún ṣì ń rá. Ìyá wa lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, a ò sì tún gbúròó rẹ̀. Bí Yèyé ṣe di abiyamọ lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, ní ọjọ́ orí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń retí kí ọmọ fi owó ránṣẹ́. Ọmọ méjì ló kù fún òun náà. Bàbá Adó ni àkọ́bí, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní Adó títí ó fi fẹ̀yìn tì. Màmá Ṣadé ló tẹ̀ lé e, ó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìdó. N kò ní sọ pé èèyàn burúkú ni wọ́n. Ì bá rọrùn fún mi ká ní èèyàn burúkú ni wọ́n.

Nínú ilé Yèyé, ohun gbogbo ló ní ìdajì. Ìdajì màgí ló ń lọ sínú ọbẹ̀, ìdajì kejì á padà sínú ọ̀rá, wọ́n á so ó mọ́ ìṣó. Ọṣẹ gígùn kan, òwú ló fi ń gé e sí mẹ́jọ. Ẹni tó bá jẹ́ kí tirẹ̀ yọ́ sínú omi, omi lásán ni yóò fi wẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Bàtà ilé ìwé Ìbùkún fi nọ́ńbà mẹ́ta ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ nígbà tí wọ́n rà á. Yèyé ki bébà sí i lẹ́nu. Bí táàmù tuntun bá ti wọlé, á jókòó, á yọ bébà díẹ̀ kúrò, á ní kí Ìbùkún wọ̀ ọ́ wò. Ọmọ náà ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó sunkún wálé, Yèyé kò sì fà á mọ́ra. Ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ ń bọ̀. Bàtà ló ń dúró dè é."

Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí àwọn ọmọ dé láti ilé ìwé tí kò ní yẹ ìwé wọn wò. Kì í ṣe máàkì ló ń wá. Ibi òfìfo ló ń wá. Bí Tómi bá fi ìlà méjì sílẹ̀ lópin iṣẹ́ rẹ̀, Yèyé á fi ìka rẹ̀ tó ti le kan ibẹ̀. "Kí ló dé tí o fi ubí sílẹ̀? Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ọ ni?" Tómi á ní tíṣà ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Yèyé wọ bàtà, ó di ilé ìwé, ó lọ bi tíṣà náà bóyá òun ló ń bá wọn ra ìwé. Ojú ti Tómi débi pé ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn ṣáláńgá. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Tómi máa kọ ọ́ dé etí. Láti ọjọ́ náà ni Tómi ti ń kọ̀wé kún ojú ewé bí ẹni tí wọ́n ń lé, òun náà ló sì ń gba ipò kìíní ní kíláàsì rẹ̀.

Ìjà Yèyé tó gbajúmọ̀ jù ni ti ìkórè. Ní ìjọ wa, wọ́n máa ń pe orúkọ ìdílé, wọ́n á ka ohun tí ìdílé náà mú wá, ìjọ á pàtẹ́wọ́. Wọ́n pe ìdílé wa lọ́dún kan. Iṣu méjì, àti owó tí kò tó ra adìẹ. Ọkùnrin tó ń kà á dúró, ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ṣé kò sí àṣìṣe níbí?" Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Yèyé dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ. Ó ní, "Kò sí àṣìṣe kankan. Ọlọ́run ti mọ̀wé tán, kò ní owó ilé ìwé tí yó san. Àwọn tèmi ò tíì mọ̀."

Bàbá Adó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ó ní Yèyé dójú ti òun láàárín ẹgbẹ́, ó sì fi oṣù mẹ́ta gbáko kọ̀, kò wá sí Orin. Yèyé ní ìyẹn náà dín owó ọbẹ̀ kù.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ ló pani lẹ́rìn-ín. Èmi náà ti bá a jà. Ìbùkún ní ibà nígbà kan, Yèyé ń se ewé dógóyárò fún un. Ọjọ́ kìíní, ewé. Ọjọ́ kejì, ewé. Nígbà tí mo fi dé láti ibi iṣẹ́ mi ní Ọ̀yẹ́ lọ́jọ́ kẹta, ọmọ náà kò dá mi mọ̀ mọ́. Mo gbé e sórí ọ̀kadà, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, owó oúnjẹ mi ni mo fi san gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, mo padà wá, mo sì pariwo mọ́ Yèyé, ohun tí n kò ṣe rí. Mo ní owó tó ń pa mọ́ fún ọmọ, ṣé òkú ọmọ ló máa ná an ni? Kò bá mi jà. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ulé Akápò lẹ́ẹ̀mejì," ló sọ. Akápò ẹgbẹ́ tó ń bá a tọ́jú owó ló ń wí. "Bí mo bá ṣí owó yẹn lẹ́ẹ̀kan, Àbẹ̀kẹ́, kò ní tún lè tì mọ́."

Kò ṣàdédé le báyìí. Ohun tó ṣe mí ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ tó fi owó pa mọ́ fún. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ń dá owó díẹ̀díẹ̀ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin ìjọ. Ó pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an: owó ilé ìwé Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ yẹn ló ba tèmi jẹ́. Owó ilé ìwé ọmọ tí kò tíì tó lọ, bí owó tí kò ríṣẹ́ ṣe ló rí lójú ẹbí. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Bàbá Adó kọ̀, ó wá. Owó ilé ṣọ́ọ̀bù Màmá Ṣadé pé, òun náà wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ: "Ṣebí ọmọ náà ò tíì ṣe tán. Kó tó ṣe tán, a ó ti dá a padà." Ìyá ni, ó fún wọn.

Mo ṣe tán. Yunifásítì gbà mí ní Ọ̀yẹ́. Yèyé mú mi lọ sí Adó kí a lọ gba owó wá. Bàbá Adó fún wa ní ráìsì, ó bá wa ṣàwàdà, ó fún wa ní búrẹ́dì méjì àti owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò rí owó tó yá dá padà. Ó ní kí n tún ìdánwò ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, pé ọmọdé ṣì ni mí. Nínú ọkọ̀, Yèyé gbé búrẹ́dì náà lé itan. Mo rò pé Bàbá Adó ló máa bú. Ó ní, "Èmi ni mo sọ ọ́ ní orúkọ tó ṣeé yá."

Èmi náà rèé ní Ọ̀yẹ́ lónìí, nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì lójú ọ̀nà yunifásítì. Ìwé ìgbàwọlé àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń ṣe ní ẹ̀dà láti àárọ̀. Mo mọ ibi tí òǹtẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀. Wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ bá mi ṣe mẹ́ta," màá sì ṣe mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìkorò ṣe ń rí lẹ́nu, kó wá dúró nídìí ẹ̀rọ yẹn ní oṣù tí wọ́n ń wọlé.

Kò pẹ́ sí ìrìn Adó yẹn ni Yèyé lọ bá Màmá Akápò, obìnrin tó ń tọ́jú owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun. Màmá Akápò bi í pé kí ni kí òun kọ sára rẹ̀.

"Kọ ùsìnkú sí i."

"Ùsìnkú ta ni, Yèyé?"

"Ùsìnkú tèmi. Ṣé n ò ní kú ni?"

Bí a ṣe ń pe ìsìnkú lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Màmá Akápò kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé, ó sì gbàdúrà fún un pé yóò pẹ́ kó tó lò ó.

Yèyé mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Nílẹ̀ wa, ẹ lè yá owó oúnjẹ ọmọ, ẹ lè yá owó oògùn, ẹ lè yá owó ilé ìwé títí ọmọ á fi hu irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n owó tí arúgbó fi pa mọ́ de òkú ara rẹ̀, èèwọ̀ ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á máa nàka sí ọmọ ọmọ rẹ̀. Yèyé wá fi orúkọ òkú bo owó ọmọ, bí ẹni fi ewé bo ẹja lójú ológbò.

Ó sì ṣiṣẹ́. Màmá Ṣadé tún wá yá owó lọ́jọ́ kan, mo wà níbẹ̀. Yèyé ní, "Owó ùsìnkú mi nìkan ló wà lọ́ọ́ mi." Màmá Ṣadé wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì. "Ha, Yèyé, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ni. Ẹ ó pẹ́ láyé." Ó tilẹ̀ yọ owó díẹ̀ nínú àpò rẹ̀, ó ní kí wọ́n fi kún un! Nígbà tó lọ tán, èmi àti Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Yèyé wá nu ojú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ tí ebi ń pa ò ba àwọn èèyàn wa lẹ́rù. Òkú tí kò ní jẹun mọ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù."

Ṣùgbọ́n irọ́ tí èèyàn bá fẹ́ kó dàgbà, ó ní láti máa bọ́ ọ. Yèyé bọ́ tirẹ̀ yó. Gbogbo Orin ló sọ fún, nídìí agbada, lọ́jà, lẹ́nu ọ̀nà ìjọ: "Owó ùsìnkú mi ń pọ̀ sí i o." Ó ní màlúù dúdú ni kí wọ́n pa fún òun, tí kò ní àmì funfun kankan lára. Ó ní òun kò fẹ́ pósí olówó pọ́ọ́kú. Àwọn obìnrin á ní, "Yèyé, ẹ̀ ń yan ẹran òkú yín lójú ayé!" Òun náà á rẹ́rìn-ín. Bó bá wọlé tán, á tú ọ̀rá, á yọ ìdajì màgí.

Èmi nìkan ló mọ òdodo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oko la wà, à ń fa ẹ̀gẹ́ tu. Tómi ti ṣe ìdánwò sí ilé ìwé kan lójú ọ̀nà Ìfàkì, tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, ilé ìwé gidi, tí àwọn tó jáde níbẹ̀ ń di nọ́ọ̀sì àti dókítà. Ó yege, wọ́n sì ti fún un ní àyè. Táàmù tó ń bọ̀ ni yóò wọlé.

"Owó yẹn ti tó," Yèyé ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ó tó mú Tómi dé kíláàsì kẹta. N ó máa wá ìyókù kó tó dé ibẹ̀. Ti Ìbùkún náà á máa bọ̀ lẹ́yìn."

"Bí ẹ bá wá kú ńkọ́?" Èmi àti rẹ̀ lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síra wa.

"Ẹ fi ẹní wé mi. Ẹ gbẹ́ ulẹ̀, ẹ gbé mi sí i, kí kálukú padà sẹ́nu uṣẹ́."

"Ṣé Bàbá Adó mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Kó mọ̀ kó wá yá a?"

Mo ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà. Ó ní ohun tí a bá kọ, Bàbá Adó á kà á. Ó ti mọ ohun tí òun máa ṣe. "Bí mo bá ti rí i pé ara mi ò le mọ́, n ó lọ bá Akápò, n ó ní kó pa ùsìnkú rẹ́, kó kọ orúkọ àwọn ọmọ sí i. Uṣẹ́ ọjọ́ kan ni."

Mo gbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Èmi tí mo ń tẹ ìwé ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí fún ẹni tí n kò mọ̀ rí ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá. Ojú ewé kan ṣoṣo ni. Kí n tẹ̀ ẹ́ ní Ọ̀yẹ́, kí n mú un wá sí Orin, kí Yèyé fi àtàǹpàkò lù ú, kí Màmá Akápò fọwọ́ sí i, kí n tì í mọ́ inú àpótí. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tún ní ó di ìparí oṣù. Mo ń bínú sí Bàbá Adó, mo ń bínú sí gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá dá wà, ara mi ni mo máa ń bú.

Ikú kò fún un ní ọjọ́ kan tó ń wí. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ní kí Ìbùkún lọ bu omi wá. Kí ọmọ náà tó dé, Yèyé ti fara ti ògiri, ọ̀bẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbùkún rò pé ó sùn ni. Ó rọra gbé omi sílẹ̀ kó má bàa jí i.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹbí pàdé ní pálọ̀ Yèyé. Màmá Akápò gbé ìwé náà wá, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Bàbá Adó wọ awò ojú, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè fún gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ láàárín wọn, mo sì sọ ohun tí Yèyé sọ fún mi lóko, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú ẹní àti gbogbo rẹ̀.

Màmá Ṣadé ló kọ́kọ́ fèsì. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní àwa ọmọ rẹ̀ la jẹ owó ùsìnkú rẹ̀ ni? Owó tí èmi fúnra mi fi kún!"

Mo yíjú sí Màmá Akápò. Ó ti ń sunkún. "Ọmọ mi, ọdún márùn-ún ni Yèyé fi sọ ọ́ sí mi létí. Kò sọ òmíràn fún mi rí. Mi ò lè purọ́ mọ́ òkú."

Bàbá Adó yọ awò rẹ̀. "Bó bá jẹ́ owó ulé ùwé ni, kí ló dé tó fi pè é ní ùsìnkú?"

"Nítorí tiyín ni, Bàbá."

Màmá Ṣadé gbá mi létí. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun, èmi náà kò sì retí pé kí wọ́n dá a lẹ́kun.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Adó pè mí sẹ́yìn ilé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo mọ ìyá mi. Ṣùgbọ́n gbogbo Orin ló mọ̀ pé Yèyé ní owó ùsìnkú. Gbogbo Orin ló mọ̀ pé màlúù dúdú ló fẹ́. Bí mo bá fi ẹní wé e, ta ni wọ́n máa ní ó jẹ ẹ́?"

Ká ní olè ni Bàbá Adó, màá mọ ibi tí mo lè kó ìbínú mi sí. Ṣùgbọ́n Yèyé fúnra rẹ̀ ló kọ́ ìlú ní ohun tí wọ́n máa bi ọmọ rẹ̀. Ó fi irọ́ ṣọ́ owó náà dáadáa débi pé òtítọ́ kò rọ́nà dé ibẹ̀ mọ́.

Ọjà ẹran mẹ́ta ni wọ́n lọ kí wọ́n tó rí màlúù tó dúdú látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ń tà á gbọ́ pé òkú ló yan àwọ̀ rẹ̀, ó fi owó lé e. Àpótí tí wọ́n rà ń dán, ó ní ọwọ́ wúrà mẹ́fà, Yèyé tó ń fi òwú gé ọṣẹ sì sùn sínú rẹ̀. Ìlú wá. Àwọn tó pè é ní ahun wá, wọ́n sì jókòó ti abọ́. Tíṣà Ùsì yẹn wà níbẹ̀, ó gbé kúlà ìgbóúnjẹ dání, ó ń bi alásè bóyá ẹran ṣì wà. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n gba èènì ọdún márùn-ún lọ́wọ́ Yèyé, lọ́sàn-án kan ṣoṣo, pẹ̀lú ẹran lórí.

Tómi gbé abọ́ tirẹ̀ wá bá mi lábẹ́ kánópì. Ẹran méjì wà lórí ráìsì rẹ̀. Ó dúró, ó ń wò ó.

"Àǹtí, ṣé ilé ìwé mi nìyí?"

Mo ní kó lọ jókòó. Ó gbé abọ́ náà fún Ìbùkún, Ìbùkún sì jẹ ẹ́ tán.

Mo lọ sí ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà Ìfàkì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ burúkú. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ta agogo ọwọ́ mi, mo gba owó oṣù sílẹ̀, Bàbá Adó fi díẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kò tó ìdámẹ́ta ohun tí wọ́n ń bèèrè. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, wọ́n fi ọmọ ẹlòmíràn sí àyè Tómi. Àwọn ará ìlú ń dá mi dúró lójú ọ̀nà láti tù mí nínú. "Ẹ ṣeun o, ẹ sin Yèyé dáadáa." Èmi náà á ní ẹ ṣeun.

Mo ti kúrò ní yàrá tí mo ń yá ní Ọ̀yẹ́. Orin ni mo ti ń lọ síbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni mo ń padà sí, owó ọkọ̀ sì ń jẹ ìdajì owó oṣù mi. Tómi wà ní ilé ìwé ọ̀sán tó wà nítòsí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò ráhùn. Bó bá ti dé, á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, á lọ dá iná lẹ́yìn ilé, nítorí ẹ̀gẹ́ wà lóko, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ yan gàrí tí a ó fi jẹun. Èmi kò mọ̀ ọ́n yan. Tèmi ń dì.

Ní Sátidé tó kọjá, obìnrin kan wá rà á. Ó bu díẹ̀ sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ wò, ó sì lanu. "Ha! Gàrí Yèyé gan-an rè é! Ọmọ yìí, o ti mọ uṣẹ́ yìí jù!" Tómi nu òógùn ojú rẹ̀, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Inú rẹ̀ dùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, wọ́n yìn ín, inú rẹ̀ sì dùn.

"Àǹtí, ṣé ó dára lóòótọ́?"

Mo ní ó dára gan-an. Àdúrà tí mo ń gbà nínú ni pé kí gàrí náà jóná.